Booker T. Washington: Ọkùnrin tó fi aago rẹ̀ dógò nítorí bíríkì



Ẹ ó rántí pé ẹ̀ka ọ̀dọ́ gbé àbá kan kalẹ̀ níwájú ẹgbẹ́: kí á máa mú àwọn ọmọ wa tó wà ní SS1 àti SS2 lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ lásìkò họ́lídè, pàápàá àwọn iṣẹ́ tó ń gbilẹ̀ báyìí, irú bíi síso iná sọ́là, títún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe, àti fífi ẹ̀rọ sọ ohun tí à ń kó bọ̀ láti oko di ohun tó ṣeé tà ní ìgboro. Kì í ṣe gbogbo òbí ni inú rẹ̀ dùn sí i. Àwọn kan pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní ṣé torí kí ọmọ àwọn lè máa gbé àkàbà tẹ̀lé oníná kiri ni àwọn ṣe ń san owó ilé ìwé. Àgbà ni wọ́n, mi ò lè bá wọn jiyàn. Mo kàn rántí ọkùnrin kan tí àwọn òbí kọ irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an ránṣẹ́ sí, ó ti lé ní 130 ọdún báyìí. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ lóṣù yìí.

Booker T. Washington ni orúkọ rẹ̀. Oko ẹrú ni wọ́n bí i sí, ní Hale's Ford, ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà, lórí ilẹ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ James Burroughs, ní nǹkan bí ọdún 1856. Mo ní nǹkan bí, torí ta ló ń kọ ọjọ́ ìbí ọmọ ẹrú sílẹ̀? Jane, ìyá rẹ̀, ló ń dáná fún oko náà. Òyìnbó kan ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò mọ̀ ọ́n. Inú ahéré tí ìyá rẹ̀ ti ń dáná ni òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn, lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ ihò kan sí àárín ilé níbi tí wọ́n ń kó ọ̀dùnkún pamọ́ sí nígbà òtútù. Ẹ̀wù tó ń wọ̀, ọ̀gbọ̀ yíyi ni wọ́n fi hun ún, bó bá sì jẹ́ tuntun, ṣe ló máa ń gún un lára bí ẹ̀gún. John, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló máa ń bá a wọ̀ ọ́ fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi rọ̀. Ẹ̀gbọ́n tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ kò pọ̀.

Ní 1865 ogun abẹ́lé wọn parí, ẹrú sì dòmìnira. Jane kó àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ rin èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀nà gba orí òkè kọjá, wọ́n lọ bá ọkọ rẹ̀ ní Malden, West Virginia, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń se iyọ̀. Kíá ni wọ́n ti fi Booker náà síṣẹ́ iyọ̀. Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ aago mẹ́rin ìdájí ni yóò ti débẹ̀. Gbogbo àgbá iyọ̀ tí ọkọ ìyá rẹ̀ bá dì, nọ́ńbà 18 ni wọ́n ń kọ sí i lára. Ọmọ náà kò dá lẹ́tà kankan mọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ibi tó ti lè rí 18 tí kò ní mọ̀ ọ́n. Ara àgbá iyọ̀ ló ti kọ́kọ́ kàwé.

Ìyá rẹ̀, tí kò mọ̀wé, wá ìwé ABC kan fún un, kò tiẹ̀ sẹ́ni tó mọ bó ṣe rí i. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn aláwọ̀ dúdú ládùúgbò, ọkọ ìyá rẹ̀ kò fẹ́ kó lọ, owó iṣẹ́ ọmọ náà wúlò nílé. Alẹ́ ló ti ń kọ́ ọ. Lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀, wọ́n gbà pé kó máa ṣiṣẹ́ láti ìdájí títí di aago mẹ́sàn-án, kó lọ síléèwé, kó tún padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́sàn-án. Wàhálà ibẹ̀ ni pé aago mẹ́sàn-án gan-an ni ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ náà sì jìnnà. Kí ni ọmọ náà ṣe? Á yọ́ lọ sídìí aago ibi iṣẹ́ láàárọ̀, á ti ọwọ́ rẹ̀ láti aago mẹ́jọ ààbọ̀ sí mẹ́sàn-án, ó di iléèwé. Nígbà tí ọ̀gá wọn fura pé aago yìí kò sọ òótọ́ mọ́, ó gbé e sínú àpótí, ó tì í. Washington fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́ èyí nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tó jáde ní 1901. Iléèwé yẹn náà ló ti fún ara rẹ̀ lórúkọ. Wọ́n ń pe orúkọ, ó rí i pé olúkúlùkù ní méjì, òun sì ní Booker nìkan. Nígbà tó kàn án, ó ní Booker Washington ni òun.

Ó ṣiṣẹ́ nínú kòtò èédú pẹ̀lú, níbi tí òkùnkùn ti máa ń ṣú bo ènìyàn bí iná ọwọ́ rẹ̀ bá kú. Inú kòtò náà ló ti gbọ́ tí àwọn méjì ń sọ̀rọ̀ nípa ilé ẹ̀kọ́ kan ní Hampton, níbi tí ọmọ aláìní ti lè ṣiṣẹ́ san owó oúnjẹ rẹ̀, kó sì tún kọ́ṣẹ́. Kò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ó kọ́kọ́ lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ fún ìyàwó ọ̀gá oníyọ̀, Viola Ruffner, fún dọ́là 5 lóṣù. Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ kì í pẹ́ lọ́dọ̀ obìnrin yìí, torí kò gba ìdọ̀tí, kò gba ìmẹ́lẹ́. Booker dúró. Ohun tó kọ́ níbẹ̀ ló wá ṣílẹ̀kùn fún un lẹ́yìn náà.

Ní 1872 ó gbéra. Nǹkan bíi 500 máìlì ni Hampton sí ilé wọn. Owó tán lọ́wọ́ rẹ̀ ní Richmond, ó ń sùn lábẹ́ pákó tí wọ́n tẹ́ sójú ọ̀nà fún àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn, ó ń bá wọn já irin lẹ́bàá omi láàárọ̀ kó lè jẹun. Nígbà tó fi máa dé Hampton, 50 sẹ́ǹtì ló kù lápò rẹ̀, ó sì dọ̀tí débi pé olùkọ́ àgbà, Mary Mackie, kò mọ ohun tí yóò fi ṣe. Lẹ́yìn wákàtí bíi mélòó kan ó ní kó lọ gbá yàrá kan. Booker gbá a lẹ́ẹ̀mẹta, ó nu eruku rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ń sún àga, ó ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Olùkọ́ náà wọlé, ó fi aṣọ ìnujú rẹ̀ ra ara ògiri àti tábìlì, kò rí eruku kankan. Bó ṣe wọ ilé ẹ̀kọ́ nìyẹn. Kò sí JAMB níbẹ̀, ìgbálẹ̀ ni wọ́n fi dán an wò.

Wọ́n fi í ṣe ẹni tó ń tọ́jú ilé, kó lè fi owó rẹ̀ san dọ́là 10 tí oúnjẹ àti ibùgbé ń jẹ lóṣù. Òyìnbó olówó kan ló san dọ́là 70 owó ẹ̀kọ́ ọdọọdún. Bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fún un ní aṣọ ìtẹ́sùn méjì, kò sì rí irú rẹ̀ rí. Lálẹ́ àkọ́kọ́ ó sùn sábẹ́ méjèèjì, lálẹ́ kejì ó sùn sórí méjèèjì, kó tó wo bí àwọn yòókù ṣe ń ṣe é. Ó jáde ní 1875, ó padà lọ kọ́ àwọn ọmọ ní Malden, nígbà tó sì di 1879 Hampton pè é padà láti wá ṣe olùkọ́.

Ibi tí mò ń lọ gan-an nìyí. Ní Tuskegee, ìlú kékeré kan ní Alabama, oníṣẹ́ ọwọ́ kan wà tó ń jẹ́ Lewis Adams, ẹni tó ń fi páànù rọ oríṣiríṣi nǹkan, tó sì ti ṣẹrú rí. Nígbà tí olóṣèlú kan wá ìbò àwọn aláwọ̀ dúdú wá sọ́dọ̀ rẹ̀, Adams kò bèèrè owó, ilé ẹ̀kọ́ ló bèèrè. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí á rántí èyí tí ìdìbò bá dé.) Ìjọba ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí dọ́là 2,000 lọ́dún, kìkì fún owó oṣù olùkọ́. Ilẹ̀ kò sí, ilé kò sí. Wọ́n kọ̀wé sí Hampton pé kí wọ́n bá àwọn wá ọ̀gá ilé ìwé, òyìnbó ni wọ́n sì ń retí. Washington ni Ọ̀gágun Armstrong, olùdásílẹ̀ Hampton, fi ránṣẹ́. Kò tíì ju ọmọ ọdún 25 lọ, ọjọ́ orí ọ̀pọ̀ nínú wa ní ẹ̀ka ọ̀dọ́.

Ọjọ́ 4 oṣù July 1881 ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 30 nínú ahéré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Bí òjò bá ń rọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan á dìde, á gbé agboòrùn lé olùkọ́ lórí kí iṣẹ́ lè máa lọ. Láìpẹ́ ó rí oko kan tí wọ́n ti pa tì, 100 éékà, dọ́là 500. Ó yá dọ́là 250 lọ́wọ́ akápò Hampton, ó san án síwájú. Ilé adìẹ àti ibùso ẹṣin tó wà lórí ilẹ̀ náà ni wọ́n gbá, tí wọ́n sọ di kíláàsì. Olivia Davidson, olùkọ́ tó wá ràn án lọ́wọ́, ń kiri ilé dé ilé, ó ń ta oúnjẹ kí gbèsè lè tán. Obìnrin yìí ló fẹ́ lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ kú. Ìyàwó mẹ́ta ló fẹ́ láyé rẹ̀, kì í ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan o. Méjì àkọ́kọ́ kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Washington wá sọ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò roko, àwọn ni yóò sì kọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà. Ọ̀rọ̀ dé. Àwọn ọmọ náà ní ìwé ni àwọn wá kà, iṣẹ́ oko ni àwọn ń sá fún kúrò nílé. Lẹ́tà òbí bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Bí ìwé bá ti tóbi tó, tí orúkọ rẹ̀ sì ti gùn tó, bẹ́ẹ̀ ni inú òbí máa ń dùn tó. Washington kò bínú sí wọn. Ó ń rìn káàkiri ìpínlẹ̀ náà, ó ń jókòó tì wọ́n, ó ń ṣàlàyé. Òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ gbé àáké wọ igbó nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣán oko. Nígbà tí àwọn ọmọ náà rí i pé kò tijú, wọ́n tẹ̀lé e.

Ti bíríkì ló wá le jù. Ní gbogbo Tuskegee kò síbi tí wọ́n ti ń ṣe bíríkì amọ̀, bẹ́ẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ nílò rẹ̀, àwọn ará ìlú náà nílò rẹ̀. Wọ́n wọ inú kòtò amọ̀, ẹrẹ̀ mu wọ́n dé orúnkún, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ lọ ilé wọn. Wọ́n mọ bíi 25,000, wọ́n tò ó sínú ààrò láti sun. Ó bàjẹ́. Wọ́n ṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó bàjẹ́. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ń lọ dáadáa, ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi ń sun ún, ó ku díẹ̀ kó jinná ni ààrò wó lóru. Àwọn olùkọ́ ní kó fi sílẹ̀. Kò sí kọ́bọ̀ mọ́. Ó bọ́ aago àpò rẹ̀, ó gbé e lọ sí Montgomery, ó fi dógò fún dọ́là 15, ó fi owó náà ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹrin. Ìyẹn jinná. Kò rí owó gba aago náà padà títí ọjọ́ rẹ̀ fi pé, kò sì fojú kàn án mọ́.

Ohun tó tẹ̀lé e ló yẹ kí á wò dáadáa. Àwọn òyìnbó ìlú náà tí wọn kò fẹ́ràn ilé ẹ̀kọ́ aláwọ̀ dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í wá ra bíríkì níbẹ̀, torí kò síbòmíràn. Nígbà tó fi máa di 1900, akẹ́kọ̀ọ́ ń mọ 1,200,000 bíríkì láàárín ọdún kan, ilé 40 ló sì ti dúró lórí ilẹ̀ náà. Yàtọ̀ sí mẹ́rin, ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ló kọ́ ọ. Nílùú tiwa lónìí, tí inverter ẹnìkan bá bàjẹ́, Ìbàdàn ni a ti ń pe ẹni tó máa tún un ṣe, owó mọ́tò rẹ̀ nìkan tó ohun tí ọmọ kan lè fi jẹun lọ́sẹ̀. Ẹ má bínú, mo yà kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀.

Ní 1884 ó dá ẹ̀kọ́ alẹ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò lówó rárá. Wákàtí mẹ́wàá ni wọ́n ń fi ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, níbi bíríkì tàbí níbi ìfọṣọ, wákàtí méjì ni wọ́n ń fi kàwé lálẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ ń tọ́jú owó iṣẹ́ wọn, òun náà ni wọ́n á fi san owó nígbà tí wọ́n bá bọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀sán lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ kì í fojú kan ìwé mọ́ títí yóò fi ṣe fúrídọ́ọ̀mù, ọmọ tó sì ń kàwé kì í mọ irinṣẹ́ í dì mú. SIWES wà lóòótọ́, láti 1973. Ṣùgbọ́n ibi tí èmi ti ṣe tèmi, fọ́tòkọ́pì àti ríra oúnjẹ fún ọ̀gá ni mo kọ́, wọ́n sì bu ọwọ́ lu ìwé mi pé mo ṣe dáadáa. Washington kò fi iṣẹ́ sọ́wọ́ ẹni tó bá ṣáà ti rí. Robert Taylor, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè ní MIT, ní 1892, ló ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ilé. Òun ló ya ti ilé ìjọsìn wọn tí wọ́n parí ní 1898, akẹ́kọ̀ọ́ mọ bíríkì rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ọ, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ iná ló sì fa wáyà iná mànàmáná sí i, nígbà tí iná yìí ṣì ṣàjèjì lágbègbè náà. Ní 1896 George Washington Carver dé, ó ń kọ́ wọn ní ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ní 1906 wọ́n ṣe kẹ̀kẹ́ ẹṣin kan tí wọ́n kó irinṣẹ́ àti irúgbìn sí, ó ń lọ bá àwọn àgbẹ̀ lóko wọn, ẹ̀kọ́ ń wá akẹ́kọ̀ọ́ lọ.

Mi ò ní fi apá kejì ìtàn náà pamọ́. Ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ló bínú sí Washington, wọ́n sì ní ìdí. Ní 18 September 1895, ní Atlanta, ó sọ̀rọ̀ níwájú èrò ńlá pé kí àwọn ènìyàn òun kọ́kọ́ di iṣẹ́ àti ohun ìní mú, kí wọ́n má fi ìjà ẹ̀tọ́ ṣáájú. Lásìkò náà gan-an, wọ́n ń so aláwọ̀ dúdú rọ̀ sórí igi láìsí ìdájọ́, àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù sì ń gba ìbò lọ́wọ́ wọn. Alabama tirẹ̀ ṣe é nínú òfin tuntun ní 1901. W.E.B. Du Bois, ọ̀mọ̀wé tó wá kú sí Accra ní 1963, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1903 pé ẹni tí kò lè dìbò kò lè dáàbò bo ohun tó fi iṣẹ́ rẹ̀ kó jọ, àti pé Tuskegee fúnra rẹ̀ kò lè ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ kan láìsí olùkọ́ tó ti ka ìwé gíga. Lọ́dọ̀ tèmi, Du Bois ló jàre níbẹ̀. Lẹ́yìn ikú Washington ló tó hàn kedere pé ó ń fi owó ránṣẹ́ ní kọ̀rọ̀ sí àwọn agbẹjọ́rò tó ń bá òfin ìbò wọ̀nyẹn jà ní kóòtù. Ní gbangba kò sọ ọ́.

Àléébù kejì kan wa jù. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí Tuskegee ń kọ́ni, irú bí alágbẹ̀dẹ àti kíkan kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti ń fi ẹ̀rọ gbà á lọ. Nígbà tí mọ́tò Ford Model T jáde ní 1908, ta ni yóò tún máa wá akẹ́kẹ̀ẹ́ ẹṣin? Ọmọ kọ́ṣẹ́ tán, iṣẹ́ sì ti ń kú. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i pé kí á máa tún orúkọ àwọn iṣẹ́ inú àbá wa yẹ̀ wò lọ́dọọdún, kí á má kàn kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kí á fi ṣe àṣà. Tuskegee padà gbọ́n sí èyí. Láti 1941 ibẹ̀ ni àwọn aláwọ̀ dúdú ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù ogun.

Ọwọ́ Tuskegee dé itòsí wa náà. Ní 1900 àwọn Jámánì tó ń ṣàkóso Togo gba ènìyàn níbẹ̀ láti wá kọ́ni ní gbíngbin òwú, nígbà tó sì yá wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ òwú sílẹ̀. Òwú tí Jámánì nílò ni, kì í ṣe gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀ ló fínnúfíndọ̀ wá. Mo fi èyí kún un nítorí òbí kan tó bi mí bóyá ọmọ òun yóò lè kọ iṣẹ́ tí kò bá wù ú. Bẹ́ẹ̀ ni o, yóò lè kọ̀ ọ́.

Ní November 1915, New York ni àìsàn ti dá Washington dúbúlẹ̀. Àwọn dókítà rí i pé kò lè yè é. Ó ní kí wọ́n gbé òun lọ sílé. Wọ́n gbé e wọ ọkọ̀ ojú irin, ó dé Tuskegee, ó sì kú ní ọjọ́ 14 oṣù náà, ọmọ ọdún 59 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ 30 lábẹ́ òrùlé tó ń jò ti ní ilé tó lé ní 100, akẹ́kọ̀ọ́ bíi 1,500, àti iṣẹ́ ọwọ́ 38 tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Wọ́n sin ín sórí òkè kan nínú ọgbà náà, nítòsí ilé ìjọsìn. Bíríkì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ ni wọ́n fi kọ́ ibojì rẹ̀.